Ẹ̀rí Ahọ́n àti Ẹ̀rí Òṣùwọ̀n: Àyẹ̀wò Ìpolówó Oògùn Ọ̀rá-inú-Ẹ̀jẹ̀ ní Àgbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

1. Ìfáàrà

Ìpolówó ọjà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá tí àwọn onímọ̀ ti gbé yẹ̀ wò. Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ nípa rẹ̀ ni pé àsọdùn, àfiwé àti àwítúnwí ni ọnà-èdè tí ó gbé e ró, àti pé ète rẹ̀ ni láti fa oníbàárà mọ́ra. Ohun jíjẹ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ: ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, àgbàdo sísè, ẹ̀wà. Nígbà tí ìpolówó oògùn bá rí àyè nínú irú àlàyé bẹ́ẹ̀, òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n máa ń fi wọ̀n ọ́n, bí ẹni pé ẹ̀kọ àti oògùn jẹ́ ọjà kan náà lẹ́nu ẹni tí ń polówó.

Èrò yìí ni iṣẹ́ yìí ń tako. Àgbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ó mú gẹ́gẹ́ bí ibi ìtọ́ka. Oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, pàápàá èyí tí ó ní taurine nínú, ni ó mú gẹ́gẹ́ bí ọjà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bèèrè: ṣé ìdájọ́ tí lámèyítọ́ ń ṣe fún àsọdùn ẹlẹ́kọ ni ó yẹ kí ó ṣe fún àsọdùn ẹni tí ó ní ohun tí òun ń tà yóò fa ọ̀rá jáde nínú ẹ̀jẹ̀? Ìbéèrè náà kọjá ti ọnà-èdè nìkan. Ẹni tí ó bá gba ìpolówó gbọ́, tí ó sì pa oògùn tí dókítà kọ fún un tì, rọpárọsẹ̀ ni ó lè fi san gbèsè rẹ̀.

2. Ìlànà ìpolówó náà

Ọ̀nà mọ́tò tí ó ti Àkúrẹ́ wá gba Ọ̀wọ̀ kọjá, ó sì gba Ìfọ́n, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, lọ sí Benin. Ní Ọ̀wọ̀ náà ni àwọn tí ń lọ sí Ìkàrẹ́ ti ń yà. Níbi tí ọkọ̀ bá ti ń kó èrò, ibẹ̀ ni olóògùn ti ń rí olùgbọ́, bí ó ti rí ní ibùdókọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Eré rẹ̀ ní ìlànà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Yóò kí èrò, yóò ṣàdúrà ìrìnàjò. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka àmì àìsàn lẹ́sẹẹsẹ: ara ríro, àárẹ̀, òòyì, àìrí oorun sùn. Àwọn àmì wọ̀nyí gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí ó ṣòro kí àgbàlagbà kan má rí ara rẹ̀ nínú ọ̀kan. Nígbà tí olùgbọ́ bá ti mi orí, olóògùn yóò fún àìsàn náà lórúkọ, yóò gbé ọjà jáde, yóò ròyìn ẹni tí ọjà náà ti wò sàn, yóò dá iye lé e, yóò sì já iye náà wálẹ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí.

Inú àtòjọ orúkọ àìsàn yìí ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ gbà wọlé. Ó bá ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti jẹ̀díjẹ̀dí wọlé bí ẹni pé ọmọ ìyá ni gbogbo wọn, gbogbonìṣe kan náà ni wọ́n sì ní ó ń wò wọ́n. Ìpolówó orí rédíò àti èyí tí wọ́n kọ sára páálí kò yàtọ̀ sí èyí ní ìpìlẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé orúkọ òyìnbó ti rọ́pò orúkọ ewé. Taurine wà lára irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ó wà nínú ohun mímu inú agolo tí wọ́n ní ó ń fún ni lágbára, èyí tí ó ti di ọjà ibùdókọ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ó sì wà nínú hóró àti ìyẹ̀fun tí wọ́n ń tà gẹ́gẹ́ bí àfikún oúnjẹ fún ẹni tí ó sanra.

3. Ìsanra, rírù àti ọ̀rá

Ọ̀rọ̀ tí ìpolówó náà fi ṣe ìpìlẹ̀ ni ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ tú wò. Nínú èdè Yorùbá, ìsanra kì í ṣe orúkọ àìsàn. Ẹni tí ó sanra ni ẹni tí ara tù, tí oúnjẹ kò wọ́n fún, tí ìrònú kò gbé. Òdìkejì rẹ̀ ni rírù. Bí ènìyàn bá sì rù, àìsàn, òṣì tàbí ìbànújẹ́ ni àwọn ará ilé máa ń fura sí. Nígbà tí àwọn ọmọ Ọ̀wọ̀ bá ti ìdálẹ̀ wálé fún ọdún Ìgógó, tàbí tí àwọn ará Ìfọ́n àti Ìdóàní bá wálé fún ọdún tiwọn, “o mà ti sanra” lè jẹ́ ìyìn, “kí ló dé tí o rù báyìí” sì lè jẹ́ ìbẹ̀rù. Nígbà tí ó yá ni àwọn ọ̀rọ̀ ìgboro bíi ọ̀rọ̀bọ̀ àti lẹ́pa gbòde. Ọ̀rọ̀bọ̀ lè jẹ́ ìkẹ́, ó lè jẹ́ ẹ̀sín; lẹ́pa tí ìbá jẹ́ ohun àánú láyé àtijọ́ sì di ẹwà. Ìpolówó oògùn ìsanra dúró sí oríta yìí gan-an, níbi tí ara kan náà ti jẹ́ ìyìn lẹ́nu ìyá àgbà, tí ó sì jẹ́ ìtìjú lẹ́nu ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rá ní tirẹ̀ jẹ́ ohun tí ojú ń rí: ọ̀rá ẹran lórí àtẹ alápatà, ọ̀rá tí ó dì sójú ọbẹ̀ tí ó ti tutù. Àwòrán tí ó rọrùn jù lọ fún olóògùn láti lò nìyí, pé bí ọ̀rá ti ń dì sójú ọbẹ̀ ni ó ṣe ń dì nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, àti pé oògùn ni yóò yọ́ ọ. Àfiwé náà dùn gbọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣini lọ́nà. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kì í dì bí ọ̀rá ọbẹ̀. Cholesterol àti triglyceride, tí í ṣe oríṣi méjì tí ilé àyẹ̀wò sábà ń wọ̀n, inú ẹrù kéékèèké tí ara fi protein dì ni wọ́n ti ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn. Triglyceride ni ọ̀rá tí ara fi ń pa agbára inú oúnjẹ mọ́. Ṣúgà àti ọtí tí ó bá pọ̀ jù a máa gbé e sókè. Cholesterol ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe òróòro, ara a sì máa fi ṣe àwọn èròjà mìíràn tí kò lè ṣaláìní. Cholesterol inú ẹrù tí wọ́n ń pè ní LDL, bí ó bá pọ̀ jù, a máa wọ inú ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìsí ìrora kankan. Ẹni tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ lè ní in. Ẹni tí ó sanra lè má ní in.

Lóòótọ́, triglyceride sábà máa ń gòkè bí ara bá ti ń sanra sí i. Ìsanra àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ìbátan, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun kan náà. Ibi tí ìpolówó ti kọ́kọ́ yẹsẹ̀ nìyí: ó mú ohun tí ojú rí, ó fi ṣe orúkọ fún ohun tí ojú kò rí.

4. Taurine: láti inú òróòro dé inú agolo

Ní ọdún 1827 ni àwọn onímọ̀ ará Jámánì méjì, Friedrich Tiedemann àti Leopold Gmelin, yọ èròjà kan jáde láti inú òróòro màlúù. Orúkọ tí wọ́n ń pè é wá láti inú taurus, ọ̀rọ̀ Látìn fún akọ màlúù. Òróòro sì ni ohun tí gbogbo alápatà ń ṣọ́ra fún kí ó má baà bẹ́ sára ẹran. Ohun tí ó korò jù lọ nínú ẹran ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ohun tí wọ́n ń tà lónìí nínú agolo aládùn. Taurine inú agolo òde òní kì í ti ara màlúù wá mọ́; ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é.

Èrò pé taurine lè kan ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe àlá ọ̀sán gangan. Ẹ̀dọ̀ ń mú cholesterol, ó ń sọ ọ́ di èròjà òróòro, ó sì ń so taurine mọ́ òmíràn nínú rẹ̀ kí ó tó tú u sínú ìfun láti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rá oúnjẹ. Púpọ̀ nínú òróòro yìí ń padà sínú ẹ̀dọ̀. Èyí tí ó bá bá ìgbẹ́ jáde, cholesterol mìíràn ni ẹ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ fi rọ́pò rẹ̀. Bí taurine bá mú kí iṣẹ́ yìí yá sí i, cholesterol inú ẹ̀jẹ̀ lè dín kù. Ara eku àti àwọn ẹranko mìíràn ni wọ́n ti kọ́kọ́ fìdí púpọ̀ nínú àlàyé yìí múlẹ̀.

Ohun kan tí ìpolówó kì í sọ ni pé ara ènìyàn ń ṣe taurine fúnra rẹ̀, àti pé ẹja, ẹran àti edé ní in. Ẹni tí ó ń fi ọbẹ̀ ẹja jẹ iyán ní Ẹ̀mùrẹ́-Ilé ti ń jẹ taurine kí ó tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Inú ẹja ni ó wà, kò sí nínú iyán.

5. Ohun tí ìwádìí fi hàn

Ìdánwò tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu jù lọ ni èyí tí ìwé-àtìgbàdégbà Amino Acids tẹ̀ jáde ní ọdún 2004. Akẹ́kọ̀ọ́ 30 ni wọ́n lò. Kò sí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ nínú wọn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ìwúwo wọn pọ̀ ju bí gíga wọn ti béèrè lọ: òṣùwọ̀n BMI wọn jẹ́ 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fún apá kan ní gíráàmù 3 taurine lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 7, wọ́n sì fún apá kejì ní àfarawé tí kò ní oògùn nínú. Ẹni tí ń gbà kò mọ èyí tí òun gbà, ẹni tí ń fúnni náà kò mọ èyí tí òun fúnni. Triglyceride àwọn tí ó gba taurine wálẹ̀, ìwúwo wọn náà sì dín díẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó mọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ènìyàn 30 kéré, ọ̀sẹ̀ 7 kúrú, ọmọ nǹkan bí ogún ọdún kì í sì í ṣe àgbàlagbà ẹni àádọ́ta ọdún tí rọpárọsẹ̀ ń dọdẹ. Ní ọdún 2024, ìwé-àtìgbàdégbà Nutrition & Diabetes tẹ àkópọ̀ ìdánwò 25 jáde, tí iye ènìyàn inú gbogbo wọn jẹ́ 1,024. Ó fi hàn pé taurine dín triglyceride kù ní nǹkan bíi mílígíráàmù 18 nínú dẹ́sílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Kí ìtumọ̀ iye yìí lè hàn, ó dára láti mọ̀ pé ìsàlẹ̀ 150 ni àwọn dókítà fẹ́ kí triglyceride wà. Ẹgbẹ́ onímọ̀ nípa àìsàn ọkàn ní Amẹ́ríkà sì ti kọ ọ́ ní ọdún 2011 pé bí ẹni tí ó sanra bá dín ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ kù, triglyceride rẹ̀ lè fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀. Fún ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 200, èyí jẹ́ 40, ó ju ìlọ́po méjì ohun tí taurine ṣe.

Ohun mìíràn tún wà. Nọ́ńbà inú ẹ̀jẹ̀ ni àwọn ìdánwò wọ̀nyí wọ̀n. Wọn kò ka iye ẹni tí ó kú àti iye ẹni tí ó yè. Fún àfiwé, ìdánwò simvastatin tí wọ́n ṣe ní àwọn orílẹ̀-èdè Scandinavia, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1994, lo ènìyàn 4,444 tí ó ti ní àìsàn ọkàn, ó sì tẹ̀ lé wọn fún ọdún tí ó ju 5 lọ. Ènìyàn 256 ni ó kú nínú àwọn tí ó gba àfarawé. 182 ni ó kú nínú àwọn tí ó gba oògùn. Irú ẹ̀rí tí ó tó láti gbé ẹ̀mí lé nìyí, taurine kò sì tíì ní irú rẹ̀.

Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ fúnra rẹ̀ a sì máa yẹ ara rẹ̀ wò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìwé-àtìgbàdégbà Science tẹ iṣẹ́ kan jáde tí ó ní àìtó taurine wà lára ohun tí ń fa ogbó. Ní ọdún 2025, ìwé kan náà tẹ iṣẹ́ mìíràn jáde tí ó fi hàn pé taurine inú ẹ̀jẹ̀ kì í fi dandan dín kù bí ọjọ́ orí ti ń gòkè. Ìpolówó a máa gbọ́ èkíní, a sì máa di etí sí èkejì.

6. Ẹ̀rí ahọ́n

Ní ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ìdáhùn ìbéèrè tí ó wà nínú ìfáàrà ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ẹlẹ́kọ tí ó ní ẹ̀kọ òun gbóná, ọwọ́ ni oníbàárà yóò fi mọ̀. Ẹni tí ó ní ẹyin wà nínú mọ́ínmọ́ín òun, ẹnu ni oníbàárà yóò fi mọ̀. Bí àsọdùn bá kọjá ààlà, ahọ́n yóò ṣe ìdájọ́ ní kíá, oníbàárà kò sì ní padà wá lọ́la. Nítorí èyí ni ẹnikẹ́ni kò fi ń pe ẹlẹ́kọ ní òpùrọ́. Àdéhùn kan wà láàárín olùpolówó àti olùgbọ́ tí ẹnu kò sọ: olùpolówó ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ dùn, nítorí olùgbọ́ ní agbára láti tọ́ ọ wò. Orí àdéhùn yìí ni gbogbo ẹwà ìpolówó ọjà dúró lé.

Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kò ní ẹ̀rí ahọ́n. Ẹni tí triglyceride rẹ̀ jẹ́ 300 àti ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 100 lè jọ jókòó sórí àga kan náà láti Ọ̀wọ̀ dé Ìfọ́n, kí ara má ro ẹnikẹ́ni nínú wọn. Bí àwọn méjèèjì bá ra oògùn kan náà, tí wọ́n lò ó fún oṣù kan, kò sí èyí tí ó lè mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́, àfi bí ó bá lọ sí ilé ìwòsàn, bíi Federal Medical Centre tí ó wà ní Ọ̀wọ̀, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ̀rí òṣùwọ̀n ni ó kù fún un. Àdéhùn àtijọ́ ti fọ́: ẹ̀tọ́ àsọdùn ṣì wà lọ́wọ́ olùpolówó, ṣùgbọ́n agbára ìtọ́wò ti bọ́ lọ́wọ́ olùgbọ́.

Ohun tí ó wá burú jù ni pé ohun mímu inú agolo a máa ṣe ayédèrú ẹ̀rí ahọ́n. Agolo mílílítà 250 tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lágbàáyé ní gíráàmù 1 taurine, mílígíráàmù 80 kafíìnì, àti nǹkan bíi gíráàmù 27 ṣúgà. Kafíìnì ni ó ń lé oorun lọ, òun ni ó ń mú ojú dá. Ẹni tí ó mu ún yóò gbà pé ara òun ti yá, yóò sì fi iyì rẹ̀ fún taurine. Bí ó bá wá fẹ́ mu tó gíráàmù 3 tí wọ́n lò nínú ìdánwò ọdún 2004, agolo 3 ni yóò mu lójúmọ́, gíráàmù 81 ṣúgà yóò sì bá a wọlé, bẹ́ẹ̀ ṣúgà tí ó pọ̀ jù wà lára ohun tí ń gbé triglyceride sókè. Ohun tí ó ní òun ń lé jáde ní ẹnu ọ̀nà iwájú ni ó ń gbà wọlé láti ẹ̀yìnkùlé.

Nọ́ńbà NAFDAC kò dí àlàfo yìí. Láti ọdún 1993 tí wọ́n ti dá àjọ náà sílẹ̀ ni nọ́ńbà rẹ̀ ti di ohun tí olóògùn ń nà sókè bí ẹni na àsíá. Ìforúkọsílẹ̀ kì í ṣe ìjẹ́rìí pé gbogbo ohun tí ẹnu sọ nípa ọjà ni ó rí bẹ́ẹ̀. Lára páálí ọ̀pọ̀ oògùn ìbílẹ̀, gbólóhùn kan wà tí ó sọ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ nípa ọjà náà wò. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń kọ gbólóhùn yẹn, lẹ́tà rẹ̀ a sì máa kéré. Yorùbá tí ó dùn ni wọ́n fi ń ṣe ìlérí.

7. Àtakò méjì

Àtakò kìíní ni pé ìsanra kì í ṣe ìṣòro ilẹ̀ Yorùbá, nítorí náà kò sí ìdí fún ariwo. Ìwádìí kan tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1997 lórí àwọn ènìyàn tí orísun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi hàn pé ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìdá 26 ní àwọn erékùṣù Caribbean, ìdá 33 ní Amẹ́ríkà; bí ìwúwo ara ti ń gòkè láti ibì kan dé èkejì ni iye náà ń gòkè. Ìran kan náà ni, ìgbé-ayé ni ó yàtọ̀. Ìgbé-ayé yẹn kò sì nílò ọkọ̀ òfuurufú mọ́ kí ó tó dé Ọ̀wọ̀.

Àtakò kejì lágbára jù ú lọ. Ẹnìkan lè sọ pé olóògùn nìkan ni ó ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ àìsàn ní èdè tí wọ́n gbọ́, nígbà tí ìwé àbọ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń dé ọwọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú nọ́ńbà tí kò ní àlàyé. Òtítọ́ ni. Olóògùn mọ bí a ti ń fi àwòrán gbé ohun àìrí kalẹ̀, ó sì ní sùúrù láti sọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n pé ẹnìkan sọ̀rọ̀ yéni kò sọ ohun tí ó sọ di òtítọ́. Ohun tí àtakò yìí fi hàn ni pé àyè kan ṣófo nínú èdè, olóògùn ni ó sì kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀.

8. Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ẹ̀tọ́ àsọdùn nínú ìpolówó Yorùbá kì í ṣe ẹ̀tọ́ ọ̀fẹ́; ìtọ́wò olùgbọ́ ni ó ń san owó rẹ̀. Níbi tí ìtọ́wò kò bá ti sí, lámèyítọ́ kò gbọdọ̀ yin ọnà-èdè kí ó sì fi òtítọ́ sílẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n ya ìpolówó oògùn sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà tí ó dá dúró, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọn yóò máa bi í jẹ́: ọ̀nà wo ni olùgbọ́ lè gbà mọ̀ bí ó bá jẹ́ irọ́?

Ní ti taurine, ohun tí ìwádìí gbà kí ènìyàn sọ kò pọ̀: ó lè dín triglyceride kù díẹ̀, ẹ̀rí pé ó ń gba ẹ̀mí là kò tíì sí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀ ju oògùn tí dókítà kọ nù. Ní ti èdè, iṣẹ́ àwọn onímọ̀ Yorùbá ni láti ya ìsanra sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ nínú àkọsílẹ̀, nínú ètò rédíò àti nínú ìwé ilé ìwòsàn, kí ẹni tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ má baà rò pé òun ti bọ́, kí ẹni tí ó sanra má sì rò pé agolo ni yóò gba òun. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá fi àyè yẹn sílẹ̀, kò ní ṣófo. Olóògùn ti wà níbẹ̀.